Kíkọ́ Ilé Àká sí Ibi tí a ti ń Yan Gàrí

Kò sí àní-àní pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò bá ara wọn ní abúlé tí gàrí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará ibẹ̀. Bí àwọn tí ń yan gàrí bá pa owó pọ̀ láti kọ́ ilé àká, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní sítọ́ọ̀, tíṣà wà lára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ tọ̀ wá fún ìmọ̀ràn. Ó yẹ nígbà náà kí a mọ ohun tí a ó wí.

Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo kò ṣòro púpọ̀. Èyí tí a kọ́ sí ibi tí iná ń jó lábẹ́ agbada lójoojúmọ́ ni ó gba àròjinlẹ̀, nítorí iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé dá dúró. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: lẹ́yìn tí a bá fà á tu, bí ọjọ́ 2 tàbí 3 bá kọjá, inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, a sì jẹrà. Bírìkìlà tí ó bá wí pé kí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún oṣù méjì kò tí ì mọ irú ibi tí ó wà.

Ọ̀tá mẹ́ta ni gàrí gbígbẹ ní níbẹ̀: omi tí ń ṣàn láti inú àpò ẹ̀gẹ́ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ooru omi tí ń rú láti inú agbada, àti èéfín. Omi ẹ̀gẹ́ a máa kan, a sì máa jẹ simẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀; nítorí náà ni ó fi yẹ kí ilẹ̀ àká ga ju ti ibi ìfúngàrí lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún. Bí a bá kọ́ àká sí ìhà náà, èéfín agbada yóò máa fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi ní ìwọ̀nba àkókò tí ọyẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má ṣe kọjú sí ibi tí òjò ti ń bọ̀.

Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀, yanrìn àti eruku simẹ́ǹtì dé. Ẹni tí ó ti mu gàrí oníyanrìn rí mọ̀ pé kò sí ṣúgà tí ó lè bo àbùkù náà. Kí a fi tapólì ṣe ìdènà láàrin àwọn bírìkìlà àti àwọn tí ń yan gàrí, kí a sì máa po simẹ́ǹtì ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí iná bá ti kú. Kí a ranti àwọn ọmọ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni ń mú ọmọ wá síbi iṣẹ́. Ihò ìpìlẹ̀ tí a kò fi igi yí ká, ọ̀fìn ni fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Nípa ti ilé fúnra rẹ̀, kí a tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sábẹ́ kọnkéré kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gòkè. Kí ògiri dán, kí kòkòrò má rí ibi sá sí. Kí òrùlé nà jáde dáadáa. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ojú ihò afẹ́fẹ́ nítorí èkúté. Orí pákó ni kí a to àpò sí, kí ó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ènìyàn lè rìn yí i ká láti gbálẹ̀.

Níhìn-ín ni a ti máa ń kánjú. Bí páànù bá ti bo orí ilé, wọn a fẹ́ kó gàrí wọlé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, pàápàá bí òjò bá ṣú. Kọnkéré a máa le tó bí a ti ń fẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n líle kì í ṣe gbígbẹ. Omi tí a fi pò ó a ṣì máa jáde lẹ́yìn náà. Gàrí sì ń fa omi mọ́ra. Ìlànà Codex, tí ó wà fún oúnjẹ káàkiri àgbáyé, sọ pé omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju 12 lọ nínú ìwọ̀n 100. Bí ó bá rin ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu, májèlé sì lè wà nínú oúnjẹ tí ó bu, èyí tí iná ìdáná kì í pa run tán. Gàrí gbogbo wọn ni ó sì wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo; bí ó bá bàjẹ́, kì í ṣe agbo ilé kan ni yóò sunkún.

Ìdánwò kan wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí a gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí a fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yíká, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí a bá rí omi lábẹ́ rẹ̀, tàbí bí ojú kọnkéré ibẹ̀ bá dúdú ju ìyókù lọ, àkókò kò tí ì tó. Kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn, kí a sì tún un ṣe ní igun mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Gàrí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wọ àpò títí yóò fi tutù tán, nítorí ooru inú rẹ̀ a máa di omi nínú àpò. Ìdí nìyí tí a fi rò pé kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́nu àká, níbi tí a ó ti máa tẹ́ gàrí kí ó tutù, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì rán ẹnu àpò kí a tó gbé e wọlé.