Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Ọ́ìlì Sìntẹ́tíìkì Sínú Alùpùpù?

 

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ọlọ́kadà á ní, “Ọ̀gá, wọ́n ní ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì dára ju èyí tí mò ń lò lọ. Ṣé kí n máa rà á?” Mẹkáníìkì kan á ní, “Rà á, ó lágbára.” Òmíràn á ní, “Má dán an wò o! Yóò ba kílọ́ọ̀ṣì rẹ jẹ́.” Ta ni kí a wá gbà gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bọ́ ọmọ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, oúnjẹ ilé dúró nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni iṣẹ́ ọ́ìlì?

Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń rìn lára irin. Ọ́ìlì ni ó wà láàárín wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń kó ìdọ̀tí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀, ọ́ìlì jíà ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń lò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ìlì mínírà, wọ́n á wá sẹ́ ẹ mọ́. Òun ni a ti ń lò tipẹ́. Ti sìntẹ́tíìkì yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ kí gbogbo ara rẹ̀ lè dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná gan-an, kì í tètè ṣàn bí omi, kì í sì í tètè di ẹrẹ̀ dúdú. Èyí tí wọ́n pè ní SEMI-SYNTHETIC ni àdàlù àwọn méjèèjì.

Ẹ wo ẹni tí ń gbé èrò láti Mókọ́lá lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ. Atẹ́gùn ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì alùpùpù kékeré tutù. Bí alùpùpù bá dúró, atẹ́gùn dúró, ooru sì pọ̀. Ibẹ̀ ni sìntẹ́tíìkì ti ń wúlò jù lọ.

Ìgbà wo ni kí a yí padà?

Bí alùpùpù bá jẹ́ tuntun, ẹ ní sùúrù. Àwọn rínǹgì písítìn ní láti gbo ara ibi tí wọ́n ti ń rìn díẹ̀, kí wọ́n tó bá ara wọn mu, bí bàtà tuntun ṣe máa ń mọ ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń fẹ́ mínírà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ní kí a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà. Lẹ́yìn náà, a lè fi sìntẹ́tíìkì sí i. Ṣùgbọ́n àwọn alùpùpù kan wà tí ilé iṣẹ́ ti fi sìntẹ́tíìkì sínú wọn kí wọ́n tó tà wọ́n. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá ni adájọ́.

Bí alùpùpù bá ti pẹ́ lórí mínírà, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le, a lè yí padà nígbà tí àkókò àtipààrọ̀ ọ́ìlì bá tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù nísàlẹ̀ kò ní bá tuntun jà.

Bí alùpùpù bá ń rú èéfín búlúù, tàbí tí ọ́ìlì ń jò, ẹ má tíì ná owó yín sí i. Ọ́ìlì kì í ṣe oògùn. Ẹ tún un ṣe ná.

Ẹ fi ojú ara yín ka ìgò

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kà á fún yín. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. 4T tàbí 2T. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà òde òní ń lo 4T. 2T wà fún èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ ń jóná pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, bí i Suzuki AX100.

2. JASO MA tàbí MA2. Èyí ni ti alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì. MB kì í ṣe tirẹ̀.

3. Nọ́mbà bí i 20W-50 tàbí 10W-40. Kí ó bá ti inú ìwé ìtọ́ni mu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

4. Bí ẹ bá rí ENERGY CONSERVING tàbí RESOURCE CONSERVING, ọ́ìlì mọ́tò nìyẹn. Ó lè yọ̀ jù fún kílọ́ọ̀ṣì yín.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ìjà àwọn mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀? Ẹlòmíràn á ra sìntẹ́tíìkì ti mọ́tò. Kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, alùpùpù ò ní lè gun òkè. Ó yá, wọ́n á ní sìntẹ́tíìkì ni kò dára. Ó tì o. Ìgò ni wọn kò kà.

Bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀. Èyí tí ó bá kù yóò mú kí ọ́ìlì tuntun ṣàn jù. Ẹ fọ sẹ́ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán kí ẹ tó wọn ọ́ìlì náà.

Ẹ má sì sọ pé, “Ó wọ́n, nítorí náà yóò pẹ́ títí ayé.” Eruku àti bẹntiróòlù ń wọ inú sìntẹ́tíìkì náà. Bí ìwé bá ní 3,000 kìlómítà, ẹni tí ń rin 100 lóòjọ́ yóò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 30. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kọ ni.

Bí ìgò bá ti ṣófo, ẹ dá a lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí àwọn oníjìbìtì má baà rọ ọ́ìlì àlòkù sínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sílẹ̀ nítòsí kànga.

Ní ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ wá MA lára rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.