Mo wo ‘The Lion King’ ní Birmingham: Ohun tó ń jẹ́ kí eré kan wà lórí ìtàgé láti 1997

Tó bá jẹ́ Birmingham, Manchester tàbí Edinburgh lẹ ń gbé, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London kẹ́ ẹ tó rí ‘The Lion King’. Eré náà fúnra rẹ̀ máa ń rìnrìn àjò wá bá yín. Ní gbọ̀ngàn Birmingham Hippodrome lèmi ti wò ó, mo sì jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ láì wo fóònù mi rárá. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn eré nìkan ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ ni ìbéèrè kan: kí ló dé tí eré yìí ò kú láti 1997, tí àwọn eré olórin tiwa tó ti lọ sókè òkun rí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn?

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọdún 1994 ni Disney gbé fíìmù katúùnù ‘The Lion King’ jáde. Ní oṣù keje ọdún 1997, wọ́n gbé e sórí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Minneapolis, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó ti dé Broadway ní New York. Ó wọ Lyceum Theatre ní London ní 1999, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní, àfi ìgbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn eré pa.

Elton John àti Tim Rice ló ni àwọn orin tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù. Lebo M, ọmọ South Africa, ló mú ohùn ègbè ilẹ̀ Áfríkà wọ̀ ọ́. Julie Taymor ló darí rẹ̀ lórí ìtàgé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Tony fún dídarí eré olórin, ní 1998. Àwọn tó ti wo eré yìí kárí ayé ti ju 100 mílíọ̀nù lọ.

Kí ni mo rí?

Rafiki, ọ̀bọ adáhunṣe, ló kọ́kọ́ jáde. Ọkùnrin ni nínú fíìmù, obìnrin ni lórí ìtàgé. Èdè Zulu ló fi ké, bó sì ṣe ké báyìí, ẹ̀yìn wa làwọn ẹranko gbà wọlé, láàárín àga àwọn òǹwòran. Àwọn àgùnfọn tó jáde, èèyàn tó gun àgéré ni wọ́n, wọ́n tún di igi mú lọ́wọ́ méjèèjì kó lè di ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwọn onílù wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ìtàgé, wọn ò fara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìbòjú. Nídìí eégún tiwa, èèwọ̀ ni kéèyàn rí ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀kú. Níbi eré yìí, òkè orí ni ìbòjú Mufasa àti ti Scar wà, bíi ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú òṣèré fúnra rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ gbangba. Ẹ ń rí kìnnìún, ẹ ń rí èèyàn, lẹ́ẹ̀kan náà. Láìpẹ́ lẹ ò ní mọ èwo lẹ̀ ń wò mọ́.

Wọ́n lo Zulu, Xhosa, Sotho, Tswana àti Swahili. Mo dẹ etí sílẹ̀ fún Yorùbá títí, n ò gbọ́.

Báwo ni eré ṣe ń rìnrìn àjò?

Àwọn kan rò pé ayédèrú ni eré tó bá ń lọ káàkiri, pé ojúlówó wà ní London. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ ló ní, tó sì ń gba àdúgbò kan lọ sí òmíràn pẹ̀lú aṣọ, ìbòjú àti iná tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tírélà.

Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kan gbogbo nǹkan lọ́nà tí wọ́n á fi lè tú u palẹ̀. Ẹ wo àpáta ọba, Pride Rock. Nígbà tí eré náà kọ́kọ́ dé New York, abẹ́ ilẹ̀ ìtàgé ló ti ń yí jáde bọ̀ lókè. Ẹ ò lè máa gbẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ìlú tẹ́ ẹ bá dé, àbí? Nínú eré tó ń rìnrìn àjò, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń tì í wọlé.

Ti èèyàn tún wá ṣe pàtàkì ju ti àpáta lọ. Kò sí ipa pàtàkì kankan tí kò ní arọ́pò tó ti kọ́ ọ mọ́rí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n mọ ipa bíi mélòó kan nínú agbo ijó, tó jẹ́ pé àyè ẹni tó bá ṣàìsàn ni wọ́n máa bọ́ sí. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe Simba kékeré pọ̀, ṣe ni wọ́n ń gbà á ṣe fún ara wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹlòmíì ló máa ṣe ọ̀kan lára àwọn ipa ńlá. Ẹnikẹ́ni ò kùn. Eré bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

Orin wà lákọsílẹ̀. Ijó wà lákọsílẹ̀. Ìgbà tí iná máa tàn àti ìgbà tó máa kú wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ alábòójútó ìtàgé. Ẹni tó bá dé lónìí lè kọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní 1997.

Tiwa ń kọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àlejò ni eré olórin jẹ́ láàárín wa. Kí fíìmù tó dé ni alárìnjó ti wà. Hubert Ògúńdé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì gbé eré kiri Nàìjíríà àti ìwọ̀ oòrùn Áfríkà. Dúró Ládípọ̀ gbé ‘Ọba Kò So’ jáde ní Òṣogbo ní 1963. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti dé Berlin. Ní 1965, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n Dúró Ládípọ̀ ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ni Ọya. Ògúńdé ni olówó, òǹkọ̀wé, olórin àti òṣèré pàtàkì, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ni òṣèrébìnrin rẹ̀. Agbo ilé kan ni ẹgbẹ́ náà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Dúró Ládípọ̀ ní 1978, Ògúńdé ní 1990. Tẹlifíṣọ̀n, sinimá àti fídíò náà sì ti gba òǹwòran lọ. Wọ́n ṣì ń ṣe ‘Ọba Kò So’ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí eré tó wà lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Owó Disney ò ṣeé fi wé tiwa, mo gbà. Àmọ́ kíkọ́ arọ́pò ò dúró de owó Disney. Àwọn kan ti ń gbìyànjú: Bọ́láńlé Austen-Peters gbé ‘Saro’ jáde l'Ékòó ní 2013, ó sì gbé ‘Wakaa’ lọ sí London ní 2016. Ohun tí màá bi irú àwọn eré bẹ́ẹ̀ ni pé: tí òṣèré tó léwájú bá ṣàìsàn lálẹ́ òní, ta ló máa jáde?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ eré ní yunifásítì tàbí ní àdúgbò, ẹ kọ ijó yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ipa yín kọ́ ẹlòmíì. Tí ‘The Lion King’ bá dé ìlú yín, ẹ ra ìwé eré rẹ̀, kẹ́ ẹ ka orúkọ àwọn arọ́pò. Àwọn ni kò jẹ́ kí eré náà kú.