Ṣé O Mọ̀? Òfurufú Náà Ní Ẹnubodè

Ṣé o mọ̀ pé òfurufú tí à ń wò lókè yìí ní ààlà bí ilẹ̀ oko? Kò ní pèrègún, kò ní òkúta. Orí máàpù nìkan ni ààlà náà wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: A, B, C, D, E àti G. Ẹni tó ń wa bàálù kékeré tirẹ̀ lè fò nínú G láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó wọ B, tó yí àwọn pápákọ̀ òfurufú ńláńlá ká, àwọn adarí ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ fún un lórí rédíò pé àyè wà.

Ṣé o mọ ìdí tí B fi ń dẹ pàkúté fún awakọ̀? Kò rí bí ògiri tó dúró gbọnrangandan. Ńṣe ló dà bí abọ́ tánganran tí wọ́n tò léra, tí èyí tó kéré jù wà nísàlẹ̀, tí èyí tó fẹ̀ jù wà lókè. Lẹ́bàá pápákọ̀, ó kan ilẹ̀. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí i ni ìdí rẹ̀ ń ga sókè. Nítorí náà, ẹni tó ń fò jẹ́jẹ́, tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀, lè bá ara rẹ̀ láàárín ibi tí wọn kò pè é sí.

Ṣé o mọ̀ pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fa jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní Cerritos, nítòsí Los Angeles? Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1986 ni, ọjọ́ Àìkú, ojú ọjọ́ sì mọ́ kedere. Bàálù Piper kékeré kan tó gbé ènìyàn mẹ́ta wọ òfurufú pápákọ̀ Los Angeles láì gba àṣẹ. Ẹ̀rọ transponder wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ bí bàálù náà ṣe ga tó fún réédà. Ọkọ̀ DC-9 ti Aeroméxico ń bọ̀ wá balẹ̀. Wọ́n kọlu ara wọn ní nǹkan bí 6,500 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn 64 tó wà nínú DC-9 kú, àwọn mẹ́ta inú Piper kú, ènìyàn 15 tó wà nílẹ̀, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni lọ sókè, kú pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin dé pé ẹ̀rọ tó ń sọ gíga di dandan nítòsí àwọn pápákọ̀ ńlá, àti pé ọkọ̀ akérò ńlá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ TCAS, tó máa ń ké sí awakọ̀ pé kó gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá fẹ́ gbá a.

Ṣé o mọ̀ pé bàálù oníjókòó méjì péré ti lé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jáde nílé ìgbìmọ̀ wọn rí? Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2005 ni. Cessna 150 kan gbéra láti Pennsylvania, North Carolina ló ń lọ, ó sì ṣìnà wọ òfurufú Washington, tí wọ́n ti ń ṣọ́ lójú méjèèjì láti ìgbà ìkọlù ọdún 2001. Ó ku nǹkan bíi máìlì mẹ́ta kó dé White House. Àwọn ọlọ́pàá ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn sá, ọkọ̀ òfurufú ogun F-16 sì ń ju iná sójú òfurufú láti kìlọ̀. Wọ́n darí bàálù náà lọ sí Frederick ní Maryland, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wá rí i pé wọn kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ààrẹ Bush ńkọ́? Ó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ní Maryland. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán ni wọ́n tó sọ fún un.

Ìṣòro F-16 ni pé eré rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ rọra rìn bíi Cessna, yóò já bọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ dídá irú bàálù bẹ́ẹ̀ padà fún hẹlikópítà àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní ọdún 2006. Wọ́n sì gbé iná laser kalẹ̀ yí Washington ká, pupa, pupa, àwọ̀ ewé, tó ń ṣẹ́jú sí ẹni tó bá ṣìnà.

Àwọn ọgbà ìgbádùn Disney náà ní òfurufú èèwọ̀ tiwọn o, ní Florida àti California: 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, máìlì mẹ́ta ti orí omi yí ká. Mi ò mọ ààrẹ tó ń gbé ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wíwọ òfurufú ẹlòmíràn lè gba ẹ̀mí láì sí ìkọlura? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, hẹlikópítà ogun Belarus yìnbọn lu bàlúùnù kan tó ń díje fún ife Gordon Bennett, tó fò wọ òfurufú orílẹ̀-èdè náà, ọmọ Amẹ́ríkà méjì sì kú. Bàlúùnù méjì mìíràn balẹ̀ láyọ̀. Owó ìtanràn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn yẹn, nítorí wọn kò ní físà. Láti ọdún 1984 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí wọ́n yé yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú ará ìlú, ṣùgbọ́n ọdún 1998 ni àdéhùn náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé NASA, àwọn tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, ló ń gba ìjẹ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó bá ṣìnà ní Amẹ́ríkà? Láti ọdún 1976 ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí kì í sì í ṣe pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, wọ́n lè dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọn kì í sì í bu owó lé e. Ta ni yóò jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá tó fẹ́ mú un? Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju F-16 lọ.

Ṣé o wá mọ awakọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Douglas Corrigan? Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà á láyè kó fo òkun Atlantic. Ní oṣù Keje ọdún 1938, ó gbéra ní New York, ó ní California lòun ń lọ, ó sì balẹ̀ sí Ireland. Ó ní kọ́mpáàsì lòun ṣì kà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọjọ́ 14, ìyẹn sì parí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé e padà dé New York, níbi tí èrò ti tú jáde wá pàdé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1995. Kọ́mpáàsì náà ló ṣì ń dá lẹ́bi.