Àtúntàn Òjijì Kọ̀ǹpútà Ilé: Orúkọ Mẹ́ta fún Àrùn Mẹ́ta

Oníṣègùn tí kò bá mọ orúkọ àrùn, yóò kàn máa já ewé kiri ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rí. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òmù-Àrán, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ kọ ìtàn àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945. Lójijì ni ẹ̀rọ náà pa, tí ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Ojú ìwé mẹ́ta ti ṣègbé. Ó sọ fún alátùn-únṣe pé, "Ó ń kú, ó ń jí." Wọ́n ní kí ó lọ wá owó ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n "ó ń kú, ó ń jí" kì í ṣe orúkọ àrùn. Àmì àrùn ni. A dábàá "àtúntàn" (à + tún + tàn) fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, a sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

1. Àtúntàn àìtóná (àìtó + iná). Apínná ni a ó pe àpótí tí ó ń gba iná láti ara ògiri, tí ó yẹ kí ó jẹ́ fóòtì 230, tí ó sì ń sọ ọ́ di fóòtì 12, 5 àti 3.3. Bí iná bá já, nǹkan bí ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá péré ni ó lè fi gbé ẹ̀rọ ró. Bí àtúntàn bá ń wáyé nígbà tí iná bá ṣẹ́jú, tàbí tí firíìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, UPS ni egbòogi rẹ̀. Bí iná bá dára tí kò sì dẹ́kun, apínná fúnra rẹ̀ lè ti gbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u: iná a máa lúgọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà.

2. Àtúntàn ooru. Eruku ọyẹ́ a máa dí fáànù. Ẹ̀rọ yóò sì pa láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ líle ni ó sábà máa ń dé. Kí á yọ wáyà, kí á di fáànù mú, kí á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku.

3. Àtúntàn àṣìṣe. Bí àṣìṣe ńlá bá ṣẹlẹ̀, Windows a máa tún ẹ̀rọ tàn kí á tó ka ohun tí ó kọ. A lè pa ètò yìí, kí ojú àṣìṣe náà lè dúró. Káàdì ìrántí wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fura sí. Windows ní ètò tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀pọ̀ a máa rí "Kernel-Power 41" nínú àkọsílẹ̀ Windows, wọn a sì rò pé àwọn ti mú olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rọ tún tàn láìjẹ́ pé a pa á bí ó ti yẹ. "Ó ń kú, ó ń jí" náà ni, ní èdè mìíràn.

Nítorí náà, kí á tó ná owó, kí á kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, kí ni ẹ̀rọ ń ṣe, báwo ni iná ilé ti rí? Ìwé kékeré yìí ni yóò sọ èwo nínú àwọn mẹ́ta ni. Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, kí ó mú un wá.