Nígbà Tí Ọwọ́ Bá Ń Ṣe Iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Lórí Katakata Ọgbà

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọkùnrin kan ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi katakata kékeré gé koríko àyíká ilé rẹ̀, òun náà ló sì fi ń túlẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ré bọ́ látorí àká, ó fi ògóóró ẹ̀yìn ṣèṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Nígbà tó fi máa ti ilé ìwòsàn dé, koríko ti ga dé orúnkún. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì le koko, kò sì gbàgbé iṣẹ́. Irin méjì péré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ katakata náà ló wà láàárín òun àti iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé torí irin méjì ni yóò ṣe tà á?

Àpèjúwe lásán ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ débi pé Yunifásítì Purdue, ní ìpínlẹ̀ Indiana yẹn kan náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ríran àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ lọ́dún 1979. Lọ́dún 1991, ètò kan tí ìjọba àpapọ̀ ń náwó sí, ìyẹn AgrAbility, bẹ̀rẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ àwọn èèyàn ti ń dá a ṣe fúnra wọn tipẹ́tipẹ́. Ọdún 1921 ni àìsàn mú kí ẹsẹ̀ Franklin Roosevelt rọ, síbẹ̀ ó máa ń fúnra rẹ̀ wa mọ́tò káàkiri ìlú Warm Springs, ní ìpínlẹ̀ Georgia, torí pé wọ́n ṣe ohun èlò tó ń fi ọwọ́ lò sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pá Irin àti Ìṣirò Rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kò ju pé kí wọ́n fi bóòtù de ọ̀pá irin mọ́ irin ìtẹ̀, kí orí ọ̀pá náà sì yọ sókè níbi tí ọwọ́ ti lè bà á. Bóòtù sàn ju kí wọ́n jó o mọ́ra pátápátá, nítorí èèyàn lè tú u bí wọ́n bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, tàbí bí ẹlòmíì nínú ilé bá fẹ́ fẹsẹ̀ wa ọkọ̀ náà.

Báwo ni ọ̀pá náà ṣe yẹ kó gùn tó? Ká sọ pé irin ìtẹ̀ náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 láti ibi tó ti ń yí, tó sì ń gba agbára tó tó ìwúwo kílò 30 kó tó wọlé. Bí ọ̀pá ọwọ́ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 láti ibi kan náà, agbára kílò 10 ti tó. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ o. Bí ẹsẹ̀ bá ń rin sẹ̀ǹtímítà 8, ọwọ́ yóò rin 24. Ẹni tí kò lè tẹ̀ síwájú láìṣubú gbọ́dọ̀ wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé kó tó gé irin.

Ohun tó sábà máa ń tan àwọn tó ń ṣe é jẹ ni kílọ́ọ̀ṣì. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dúró. Téèyàn bá fi í sílẹ̀, ọkọ̀ á lọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá yọ̀ lórí ọ̀pá, katakata á ta síwájú lójijì. Yàtọ̀ síyẹn, ọwọ́ kan wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìkejì ń pa jíà dà, ta ló wá di ìdarí ọkọ̀ mú? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì fi gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ tí yóò dá a dúró nígbà tó bá wà ní títẹ̀, tí èèyàn yóò sì rọra tú u sílẹ̀.

Lójú tiwa, ohun tó dáa jù ni kéèyàn wá katakata tí kò nílò kílọ́ọ̀ṣì nígbà gbogbo, ìyẹn èyí tí ọ́ọ̀lì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ táyà. Àwọn Cub Cadet kan wà láti àwọn ọdún 1960 tó jẹ́ pé ọ̀pá ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí eré wọn, síwájú àti sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti bá aláàbọ̀ ara ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà láìmọ̀. Ní ti gbígbé abẹ ìgékoríko sókè, mọ́tò kékeré tó ń lo bátìrì oníná 12 lè ṣe é, bí wọ́n bá fi fíúsì sí i.

Ibi Tí Ewu Wà

Súìṣì kan wà lábẹ́ ìjókòó ọ̀pọ̀ katakata ọgbà, tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá dìde nígbà tí abẹ ń yí. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tàbí tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ta ṣẹ́ṣẹ́, lè rí i pé ẹ́ńjìnnì ń kú ṣáá. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kéèyàn fi wáyà so súìṣì náà pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò! Ẹni tó ṣubú tí kò sì lè dìde sá fún abẹ ni súìṣì yẹn wúlò fún jù lọ. Sípíríǹgì ìjókòó tó rọ̀ ni kí wọ́n wá.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò lè dá dúró nílò ohun tó máa dì í mú. Síbẹ̀, bí katakata tí kò ní férémù irin lókè bá dojú dé, bẹ́líìtì ni yóò so awakọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Níbi tí férémù bá wà, kó de bẹ́líìtì. Níbi tí kò bá sí, kó má dè é, kó sì jìnnà sí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá lè jókòó láìsí bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ gun katakata tí kò ní férémù rárá.

Ara tí kò mọ ìrora náà tún ní ewu tirẹ̀. Páìpù èéfín lè jó orúnkún láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ẹsẹ̀ lè yọ̀ kúrò lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kó sì há sídìí táyà, nítorí náà wọ́n máa ń fi okùn tó rọrùn láti tú dì í, wọ́n sì máa ń fi irin gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ògóóró ẹ̀yìn wọn bàjẹ́ kì í làágùn dáadáa nísàlẹ̀ ibi tí ọṣẹ́ ti ṣe, oòrùn ọ̀sán sì tètè máa ń mú wọn. Tìmùtìmù tó nípọn ni kí wọ́n jókòó lé, kí egbò má bàa dá sí wọn ní ìdí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìdánwò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó kú: kí awakọ̀ fa ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kó sì fi í sílẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kó tan ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ kí abẹ yí, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnì kan sì dúró nítòsí tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.