Ọmọ Ọmú Tí Ó Kọ Ìgò

Ìyá tí ó ń pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí oko kò mọ wàhálà yìí. Bí ọmọ bá ké, a sọ̀ ọ́ lábẹ́ igi, a fún un ní ọmú, a sì tún gbé e pọ̀n. Ṣùgbọ́n ìyá tí í ṣe olùkọ́, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí akọ̀wé, tàbí ẹni tí ó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn, kò lè gbé ọmọ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìsinmi ìbímọ a tán, ọmọ kò sì tíì ju oṣù 3 tàbí 4 lọ. Ìyá a fún omi ọmú rẹ̀ sínú ìgò, a fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ, a sì jáde. Kí ó tó dé ìkóríta, ọmọ ti yí ojú kúrò, ó ti fi ahọ́n ti orí rọ́bà ìgò náà jáde, ó sì ń ké bí ẹni tí a fi ata sí lẹ́nu.

Kì í ṣe agídí ni ọmọ náà ń ṣe. Bí a ṣe ń mu ọmú yàtọ̀ sí bí a ṣe ń mu ìgò. Ní àyà ìyá, ọmọ a ya ẹnu gbàgà, a gba orí ọmú pẹ̀lú púpọ̀ nínú awọ dúdú tí ó yí i ká, a sì fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu. Omi ọmú kì í sì í tètè dà títí ọmọ yóò fi fà á fún ìgbà díẹ̀. Orí ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré, ó le, bí a bá sì ti dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ìbáà jẹ́ pé ọmọ fà á tàbí kò fà á. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọmọ mọ òórùn ìyá rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí i ni ó ti mọ̀ ọ́n. Rọ́bà kò ní òórùn ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni kí ìyá dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ gan-an kí ó tó fi ìgò han ọmọ. Àgbẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ tí yóò kọ ebè kí ó tó lọ wá ọkọ́. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ọmú mu dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ 4. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 kí ìyá padà sí ibi iṣẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Díẹ̀ náà kò ju ohun tí yóò kún ṣíbí mélòó kan lọ.

Kí ẹlòmíràn sì ni ó fún un. Ọmọ tí ó ń gbóòórùn ọmú lára ìyá rẹ̀ kò rí ìdí tí yóò fi mu rọ́bà lọ́wọ́ ìyá kan náà. Bí ìyá ọkọ bá sọ pé, “Ìyàwó mi, lọ sí ẹ̀yìnkùlé ná, bí ó bá ń gbọ́ ohùn rẹ kò ní gbà,” kí ìyàwó má ṣe bínú; kí ó dáhùn pé, “Ó dára, ẹ̀yin ìyá mi,” kí ó sì lọ ní tòótọ́, kí ó má ṣe dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn máa yọjú. Bàbá ọmọ pẹ̀lú lè ṣe é, ó sì yẹ kí ó ṣe é. Ẹni tí yóò fún ọmọ lè ró aṣọ tí ìyá ti ró sùn mọ́jú.

Kí a má ṣe dúró títí ebi yóò fi pa ọmọ pa. Ọmọ tí ebi ti mú bínú kì í kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ó sì ti tó bíi wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ti mu ọmú, ni ó dára. Kí a gbé e jókòó díẹ̀ sí ọwọ́, kí ó má ṣe sùn gbalaja. Kí omi ọmú náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí a bá kán an sí ọrùn ọwọ́, kò gbọdọ̀ jó ni, kò sì gbọdọ̀ tutù. Kí a fi orí rọ́bà kan ètè ọmọ, kí a sì dúró de òun fúnra rẹ̀ láti la ẹnu. Kí ihò rọ́bà náà kéré. Kí a gbé ìgò dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí omi ọmú má baà ya lù ú. Bí ó bá kọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 10, kí a gbé ìgò kúrò, kí a kì í, kí a ṣeré fún un, kí a sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìjà kò ṣe é jà níbẹ̀.

Níbi tí ìgò bá ti kùnà ni àwọn àgbà máa ń rántí ọwọ́. Ìyá àgbà a jókòó sórí àpótí, a tẹ́ ọmọ sí itan, a fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí ẹnu rẹ̀, a da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i, a sì dí i ní imú kí ó lè gbé e mì. Rírọ ọmọ ni èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ka ojú ìwé yìí ni a rọ bẹ́ẹ̀ tí wọn kò sì kú, ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti bá ìyá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ké tí a sì dí ní imú kò lè ṣe kí ó má mí. Bí ó bá sì mí nígbà tí ẹ̀kọ wà ní ọ̀fun, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ náà ń gbà lọ. Ọmọ mìíràn a kú lójú ẹsẹ̀. Òmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a sì máa mí gúle gúle ní ọjọ́ kejì, a ó sì máa wá ẹni tí ó ṣe é. Kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ èyí fún àwọn ìyá wa, nítorí ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe dandan kí ọmọ mu ìgò rárá. Ọmọ ọwọ́, àní èyí tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, lè mu nínú ife kékeré. Kí a gbé e jókòó sí itan, kí a fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà gbá ife dànù, kí a gbé ètè ife lé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì tẹ ife náà títí omi ọmú yóò fi kan ètè òkè. Kí a má ṣe dà á sí i lẹ́nu. Ọmọ yóò yọ ahọ́n, yóò sì máa lá a. Bí ó bá tó fún un, yóò pa ẹnu dé. Díẹ̀ a máa dànù sí aṣọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ife rọrùn láti fọ̀ ju ìgò lọ, nítorí kò ní kọ̀rọ̀ tí wàrà ìdákejì lè fara pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìgò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1939, Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, dìde ní Singapore, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí àkọlé rẹ̀ so wàrà pọ̀ mọ́ ìpànìyàn. Ó bá àwọn tí ń polówó wàrà alágolo olóyin-mọmọ fún àwọn ìyá wí, nítorí ó ti fi ojú rí àwọn ọmọ tí ó ń kú. Ọdún 42 kọjá kí àpérò ìlera àgbáyé tó fi ẹnu kò ní Geneva, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, pé kí a má ṣe polówó wàrà tí a fi ń rọ́pò ọmú fún aráàlú mọ́. Wọ́n ka ìgò àti orí rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tí ó bá yan ìgò, kí ó tú u palẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mu, kí ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀, kí ó sì bọ̀ ọ́ nínú omi tí ń hó.

Bí ìyá yóò bá fún omi ọmú, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó fi àtàǹpàkò sí òkè, kí ó fi ìka ìfábẹ̀lá sí ìsàlẹ̀, ní ẹ̀yìn orí ọmú. Kí ó tì wọ́n sẹ́yìn sí ìhà àyà, lẹ́yìn náà kí ó fún wọn pọ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀. Ìka kò gbọdọ̀ máa yọ̀ lórí awọ. Ó lè má rí ju ìkán mélòó kan lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ó má ṣe sọ ìrètí nù, nítorí bí a ṣe ń fún un ni ó ń wá. Inú ohun tí ó mọ́ tí ó sì ní ìdérí ni kí a fún un sí. Nínú yàrá tí ó tutù, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ. Nínú fìríìjì, ó lè tó ọjọ́ 4. Ọ̀rá inú rẹ̀ a máa léfòó sókè, kì í ṣe pé ó bàjẹ́; kí a rọra mì í. Kí a má ṣe gbé e ka iná. Kí a gbé ife rẹ̀ sínú abọ́ omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kí a dà á nù bí wákàtí 2 bá ti kọjá. Kí a má sì ṣe fi omi lásán tàbí ẹ̀kọ kún un. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò rẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ ọmú láti fi ààbọ̀ wákàtí bọ́ ọmọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́. Àwọn obìnrin tí ó mọ èyí kò pọ̀. Ìyá tí ilé rẹ̀ kò jìnnà lè jẹ́ kí a gbé ọmọ wá bá òun lọ́sàn-án, ìgò ì bá sì má wọ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọmọ mìíràn kò ní mu ju díẹ̀ lọ lójúmọmọ, bí ó ti wù kí a ṣe é, yóò sì máa mu ọmú láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Kò burú, bí ó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè lórí káàdì ìlera. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá wọ́n, tí òkè àwùjẹ̀ rẹ̀ wọnú, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tàbí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ tí kò sì lè ké dáadáa mọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ìyá bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó fọ ọwọ́, kí ó sì jókòó ti ọmọ kí ó tó wọ ilé ìdáná. Ẹlòmíràn lè rokà. Aṣọ tí ìyá ọkọ fi ṣe ìtùnú ọmọ lọ́sàn-án, kí ìyá tún ró o sùn ní alẹ́ náà. Kí a má tíì fọ̀ ọ́ títí ọmọ yóò fi gbà.