Ajá tó bu ènìyàn jẹ: ṣé ẹ̀yà rẹ̀ ló lẹ́bi ni, àbí ẹni tó ń sìn ín?

Bí wọ́n bá ti gbọ́ ládùúgbò pé ajá bu ènìyàn jẹ, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé e. Àwọn kan á ní: "Irú ajá wo ni?" Àwọn mìíràn á ní: "Ajá ta ni?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń di ẹ̀bi ru ẹ̀yà ajá náà, èkejì sì ń dì í ru ẹni tó ń sìn ín.

Kì í ṣe ládùúgbò nìkan ni wọ́n ti ń jiyàn yìí. Àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti jókòó lé e lórí. Àwọn kan fòfin de ẹ̀yà ajá, àwọn kan sì tún fagi lé òfin náà nígbà tó yá. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí òfin lórí ajá XL Bully sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ń sin irú rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni òfin Britain sọ?

Ọdún 1991 ni wọ́n ṣe òfin ajá eléwu níbẹ̀. Lọ́dún náà, ajá pit bull kan kọlu ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ìlú Bradford, ó sì ṣe é léṣe gan-an. Ariwo ta káàkiri, ni Kenneth Baker tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà bá gbé àbá òfin lọ síwájú ilé aṣòfin. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti délẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ló dárúkọ: pit bull terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ìrísí ajá ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe ìwà rẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi tà á. Bí orí rẹ̀, àyà rẹ̀ àti gíga rẹ̀ bá ti jọ ti pit bull tó, ó ti wọ inú òfin nìyẹn, ì báà má tíì gbó mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà kéde pé XL Bully máa dara pọ̀ mọ́ àwọn tí òfin dè, torí pé ajá yìí ti kọlu àwọn ènìyàn léraléra, àwọn kan sì ti kú. Láti ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá ọdún náà, wọn kò gbọ́dọ̀ tà á, wọn kò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bímọ mọ́ ní England àti Wales. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2024, ó di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní in nílé láìgba ìwé àṣẹ. Scotland àti Northern Ireland náà tẹ̀lé e lọ́dún kan náà.

Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá náà kó má lè bímọ mọ́, kó fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tín-ín-rín sábẹ́ awọ rẹ̀, kó sì gba inṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ẹni tí ajá náà bá ṣe léṣe. Bí ajá náà bá máa jáde síta, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n sì dé e lẹ́nu.

Àmọ́ apá mìíràn wà nínú òfin yìí tí kò wo ẹ̀yà rárá. Ajá yòówù kó jẹ́, bó kéré bó tóbi, tí apá ẹni tó ni ín kò bá ká a, tó ń dẹ́rù ba ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Láti ọdún 2014, ní England àti Wales, ó kan ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹni pàápàá. Bí ajá náà bá pa ènìyàn, ẹni tó ni ín lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14. Tó bá ṣe ènìyàn léṣe, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5. Òfin kan náà ló mú ajá, òun náà ló mú ọ̀gá ajá.

Àwọn tó ní ẹ̀yà ló fà á

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ẹ̀yà ajá ló lẹ́bi kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń ṣa ajá bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn. Èyí tó mọ àgùntàn dà, wọ́n mú irú rẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí tó mọ òórùn ẹran gbọ́ nínú igbó, wọ́n mú irú tiẹ̀ náà pọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣa àwọn kan fún bíbá akọ màlúù jà níwájú èrò, títí òfin fi dá a dúró lọ́dún 1835. Àwọn tó ń fi ajá bá ajá jà wá mú bulldog àti terrier pọ̀. Ibẹ̀ ni pit bull ti ṣẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìran, ara tún wà níbẹ̀. Ajá kékeré lè yára bínú ju ajá ńlá lọ, àmọ́ ibi tí eyín rẹ̀ máa dé kò tó nǹkan. Ajá tó bá wúwo ju ọmọdé lọ, tó sì di ọmọ náà mú, àgbàlagbà méjì lè fà á títí kí wọ́n má rí i já.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ka ènìyàn 238 tí ajá pa láàárín ọdún 1979 sí 1998. Pit bull àti Rottweiler ló wà nídìí ohun tó ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí yẹn náà kìlọ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀ iye ajá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn. Ẹ̀yà tó bá pọ̀ nígboro, orúkọ rẹ̀ á pọ̀ nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, kódà bí kò bá burú ju àwọn tó kù lọ.

Àwọn tó ní ọwọ́ ọ̀gá ajá ló wà

Lọ́dún 2022, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn olùwádìí náà yẹ ohun àjogúnbá inú ara ajá tó ju 2,000 lọ wò, wọ́n sì gba ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ajá tó ju 18,000 lọ. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo ohun tó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nǹkan bí ìdá 9 péré nínú 100 ló jẹ́ ti ẹ̀yà. Ẹ̀yà lè sọ bí etí ajá ṣe máa rí, àmọ́ kò lè sọ bó ṣe máa ṣe sí àlejò.

Ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, lórí ikú ènìyàn 256 tí ajá pa láàárín ọdún 2000 sí 2009. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ léraléra nìyí: kò sí àgbàlagbà nítòsí tó lè gba ẹni náà sílẹ̀, ajá náà kò mọ ẹni tó bù jẹ dáadáa, wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹni tó kọlù jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le, wọ́n sì ń sin ajá náà sí ìkọ̀kọ̀ tí kì í ti í bá ènìyàn ṣe. Nínú ikú mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́jọ ló ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ọwọ́ ẹni tó ni ajá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fojú ara wọn rí i. Netherlands fòfin de pit bull lọ́dún 1993. Nígbà tó di ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ ní àwọn máa fagi lé e, torí pé iye ènìyàn tí ajá ń bù jẹ kò dínkù. Italy náà pa orúkọ ẹ̀yà rẹ́ nínú òfin tirẹ̀ lọ́dún 2009, ó sì gbé ẹrù náà ka orí ẹni tó ni ajá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó bá ń wá ajá tó máa dẹ́rù ba aráyé, bí wọ́n bá gba ẹ̀yà kan lọ́wọ́ rẹ̀, á wá òmíràn. XL Bully fúnra rẹ̀, ìran pit bull ló ti jáde, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kó tó dé Britain.

Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Ní ìlú ńláńlá wa, olè ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ajá. Rottweiler, Boerboel àti ajá ṣẹ́pẹ́ẹ̀dì Jámánì ni wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á ra ọmọ ajá, wọ́n á sọ ọ́ sínú àgò lẹ́yìn ilé, wọn kò sì ní tú u sílẹ̀ àfi lóru. Àwọn kan gbà pé bí kò bá mọ ènìyàn, ìgbà yẹn ló máa mọ ilé ṣọ́.

Òdìkejì ohun tí àwọn dókítà ẹranko ń sọ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá ń kọ́ ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù àti ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Èyí tí kò bá rí ọmọdé, àlejò tàbí ọlọ́kadà lásìkò yẹn, ọ̀tá ni gbogbo wọn á jẹ́ lójú rẹ̀ tó bá dàgbà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbàgbé láti ti géètì, kì í ṣe olè ló máa kọ́kọ́ pàdé. Ọmọ aládùúgbò tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ni, tàbí ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́. Ajá tó ń lé ẹran nínú igbó kan náà ló ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ilé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ewu mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò kàn rárá: àrùn dìgbòlugi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ajá ló ń kó gbogbo àrùn yìí ran ènìyàn, ìdá 99 nínú 100, àti pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń pa, nǹkan bí mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ẹni náà tó yè é. Bíńgò tó ń rìn kiri ọjà, tí kò gbó mọ́ ẹnikẹ́ni rí, lè fi ojú ọgbẹ́ kékeré pa ènìyàn tí wọn kò bá gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ta ló yẹ kó gbé e lọ gbabẹ́rẹ́? Ẹni tó ni ín ni.

Ní ti òfin, ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, fi àmójútó ìrìn àti sísin ẹran ọ̀sìn inú ilé sábẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ará àdúgbò tí ajá kan ń dààmú ní ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ, kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

Kí ni kí ẹni tó ń sin ajá ṣe?

Ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ ènìyàn láti kékeré. Ẹ má fi ebi tàbí ìyà kọ́ ọ ní ìwà ipá. Ẹ má fi ọmọdé àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán ajá náà tó. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ tún géètì ṣe. Tí ajá yín bá sì ti bu ẹnìkan jẹ rí, ẹ má ní eré ló ń ṣe. Ìkìlọ̀ ni.

Tí ajá bá bu ènìyàn jẹ ńkọ́?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo, ata tàbí àgúnmu sí i. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà wò ó bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yẹ. Ẹ má dúró wò ó bóyá ajá náà á kú.

Nítorí náà, ta ló lẹ́bi? Ẹ̀yà ajá ló máa ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe máa jìn tó, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ajá ńlá rò ó dáadáa. Àmọ́ bóyá ọgbẹ́ á wà rárá, ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín ló pọ̀ sí jù. Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹni ẹ̀yìn ajá yẹn ni kí òfin àti àdúgbò kọ́kọ́ pè.